Ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà Abẹ́òkúta: ṣé bíbọ́ bàtà ló fún mi ní PB?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o. Mo rí yín lọ́jọ́ Sátidé níwájú pápá ìṣeré Kútọ̀, ẹ parí eré kìlómítà 10 láìwọ bàtà, mo sì gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń pariwo "51:38! 51:38!" bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Èmi wọ kánfáàsì tí mo fi owó gidi rà, ìṣẹ́jú 58 ó lé díẹ̀ ni mo fi sá a. Ṣé kí n ju bàtà nù ni, àbí fáàrí lásán lẹ̀ ń ṣe? Ìlú tó ń jẹ́ Abẹ́ òkúta, ẹ wá ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré nínú ẹ̀. Ẹ ṣàlàyé o, torí èmi fẹ́ sá a wọ 55 kí ọdún yìí tó parí. Ọmọ Ọbáńtokò ni mí.

* * *

Àbúrò, òótọ́ ni. 51:38 ni, mi ò sì ṣe fáàrí, ariwo yẹn kàn jáde lẹ́nu mi ni. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, èyí tó yá jù tí mo ti sá rí, ohun tí àwa eléré ń pè ní PB, ni 54:12, lọ́dún tó kọjá, ojú ọ̀nà kan náà, kánfáàsì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìṣẹ́jú 2 àti sẹ́kọ́ǹdù 34 ni mo gé kúrò. Fún ẹni ọdún 41 tó ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, ìyẹn ò kéré o.

Ṣùgbọ́n má tíì ju bàtà ẹ nù. Tó bá sì di dandan, gbé e wá fún mi ní Láfẹ́nwá, torí bàtà òkìríkà ni mò ń tà. Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ìyàwó mi ti rín tiẹ̀ tán, ó ní ọkọ òun ń ta bàtà ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán polówó.

Èsì ní ṣókí: ẹsẹ̀ lásán ò fún mi ní eré kankan. Nǹkan kan wà tí mò ń ṣe tí ò dáa, ẹsẹ̀ lásán ni ò jẹ́ kí n máa ṣe é mọ́. Ó gùn díẹ̀, ẹ ní sùúrù fún mi.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́yin tó kù kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí látàná. Àwọn kan ní Ọlọ́run ò dá bàtà mọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, pé àwọn baba wa tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó lábẹ́ Olúmọ ní 1830 ò wọ kánfáàsì. Àwọn kan ní wèrè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ mí. Àwọn tó kù, àwọn ló sì pọ̀ jù, ní ọ̀rọ̀ ò kan bàtà rárá, pé mo kàn fọn ni. Àwọn tó gbẹ̀yìn yìí ò parọ́ tán o. Kílò 4 ni mo fi fúyẹ́ ju ọdún tó kọjá lọ. Ẹni tó bá ti gbé ike omi gun òkè rí mọ ohun tí kílò 4 ń ṣe fún èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ABEBE BIKILA ní lẹ́tà gàdàgbà, mo gbọ́ yín sà. Òótọ́ ni, níbi Òlíńpíìkì Róòmù, lọ́dún 1960, ọmọ Etiópíà yẹn fi ẹsẹ̀ lásán sá máráthọ̀nì, ó gba góòlù, 2:15:16, kò sì sẹ́ni tó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ láyé nígbà yẹn. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó parí, òkúta àtijọ́ sì wà níbì kan lójú ọ̀nà yẹn. Àmọ́ ẹ ò bá wa parí ìtàn. Ní Tokyo, 1964, ó tún gba góòlù, bàtà wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, 2:12:11. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé ni ìyẹn fi yá ju ti Róòmù, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni o. Tẹ́ ẹ bá pe Bikila wá jẹ́rìí fún ẹsẹ̀ lásán, àwa oníbàtà náà lè pè é. Ohun témi rí fà yọ níbẹ̀ ni pé bàtà tí wọ́n fún un ní Róòmù ò bá a lẹ́sẹ̀ mu, ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣe ìgbaradì láti ilé, ó wá mú èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ̀. Kò bọ́ bàtà lọ́jọ́ eré kó sọ pé kí Ọlọ́run ṣe é.

* * *

Ẹni tó ní ojú ọ̀nà ò pé kìlómítà 10, pé fóònù òun kọ 9.8, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ jà.

Fóònù ò mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ó ń gba àmì látòkè, tó o bá wọ abẹ́ bíríìjì tàbí àárín ilé gíga, yóò máa fo níbì kan dé ibì kan, tó o bá yí kọ́nà á gé kọ́nà yẹn kúrú fún ẹ. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń wọn eré ojú títì jákèjádò ayé. Wọ́n á kọ́kọ́ fi téèpù irin wọn ibi tó tẹ́jú, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀ kí wọ́n lè mọ iye tí táyà fi ń yí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gun kẹ̀kẹ́ yẹn gba ojú ọ̀nà eré. Wọ́n tún máa ń fi mítà 1 lé orí kìlómítà kọ̀ọ̀kan kó má baà di pé ọ̀nà kúrú. Bí ọ̀kan nínú wa tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ṣe wọ̀n ọ́n nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló gùn ún, agogo 5 ìdájí kí ọ̀kadà tó kún títì.

Ká tiẹ̀ sọ pé ó kúrú, ṣebí ó kúrú lọ́dún tó kọjá náà? Ibi kan náà la ti gbéra, ibi kan náà la parí sí. Ohun tẹ́ ẹ lè fi mú mi ni ojú ọjọ́. Lọ́dún tó kọjá, oòrùn ti yọ kí wọ́n tó tú wa sílẹ̀, ooru mú wa bí ẹja nínú àgbá. Lọ́dún yìí òjò rọ̀ lóru, agogo 6:30 la gbéra, ilẹ̀ tutù. Mo fara mọ́ ọn pé ìyẹn náà kó nínú ìṣẹ́jú 2 ó lé yẹn. Èló ló kó, mi ò lè bá yín pín in.

* * *

Ó yá, ká wá sórí ọ̀rọ̀ gan-an.

Ẹ wo àtẹ́lẹ̀ kánfáàsì tẹ́ ẹ ń lò. Mò ń tà wọ́n lójoojúmọ́, kí n tó dá owó lé bàtà èmi a yí i padà wo ìdí ẹ̀. Àwọn tó ti fi sáré nílùú òyìnbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lápá òde ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, iwájú á ṣì mọ́ rekete. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyẹn ń sọ? Pé mò ń na ẹsẹ̀ jìnnà síwájú, mo wá ń fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, gbì, gbì, bí ẹni tó ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbésẹ̀. Rọ́bà tó nípọn ò jẹ́ kí n mọ̀.

Bọ́ bàtà kó o gbá ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ẹ, ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀ á kúrú, á máa balẹ̀ nísàlẹ̀ ara ẹ, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ á kọ́kọ́ kan ilẹ̀ kí gìgísẹ̀ tó rọra tẹ̀ lé e. Ìgbésẹ̀ ẹ á sì pọ̀ sí i. Ọ̀nà tí mo fi ń kà á rèé, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, mo máa ń ka iye ìgbà tó balẹ̀ láàárín sẹ́kọ́ǹdù 30, mo wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà kánfáàsì, 40 ni mò ń kà, ìyẹn 160 ní ìṣẹ́jú kan. Ní báyìí 44 ni, ìyẹn 176. Níbẹ̀ ni PB mi ti wá o, mo lè búra.

Bùrọ̀dá tó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi hàn pé báyìí lẹ́dàá ṣe dá wa láti máa sáré, ẹ rọra. Mo mọ èyí tẹ́ ẹ ń sọ, Daniel Lieberman ti Harvard àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, 2010, wọ́n wo àwọn tó dàgbà láìwọ bàtà, wọ́n ní iwájú ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi balẹ̀. Àmọ́ nígbà tó di 2013, àwọn mìíì tẹ èsì tiwọn jáde látọ̀dọ̀ àwọn Daasanach ní àríwá Kẹ́ńyà, tí àwọn náà kì í wọ bàtà, wọ́n ní gìgísẹ̀ lọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń balẹ̀ tí wọn ò bá sáre kíkan. Nítorí náà ẹ má sọ pé ẹ̀dá. Ó kù sí bó o ṣe ń sáré tó, ilẹ̀ tó o wà, ara tó o ní.

Ẹni tó ń sọ ti ìwúwo, òótọ́ tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Gíráàmù 100 lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ agbára èèyàn ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. O bọ́ bàtà, o sì jèrè ìyẹn. Àmọ́ wọ́n dán an wò ní 2012, wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà tó fúyẹ́ dáadáa tó sì ní tìmùtìmù díẹ̀ kì í ná agbára ju ẹlẹ́sẹ̀ lásán lọ, torí tí tìmùtìmù ò bá sí, iṣan ẹsẹ̀ ẹ ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò sí ọ̀fẹ́ níbì kankan.

* * *

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ń bínú. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú bínú ju yín lọ. Mo sá kọjá níwájú ìsọ̀ wọn lọ́jọ́ kan nígbà ìgbaradì, wọ́n dìde, wọ́n ká ọwọ́ lérí, wọ́n ní, "A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán! Bí o ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé ọ!" Mo dá wọn lóhùn pé, "Ìyá, 51 ni mò ń lé." Wọ́n ní, "Aàdọ́ta lé kan kí ni? Náírà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìyá tèmi gan-an ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹnì kan ló fi fọ́tò hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn fi orí ru gààrí láti Láfẹ́nwá kí n lè wọ bàtà Cortina lọ sílé ìwé bí ọmọ èèyàn, mo wá dàgbà tán, mo bọ́ ọ, mo ń sáré kiri ìgboro kí gbogbo ayé lè rí i. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé iye ìgbésẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé ìgbésẹ̀ mi kúrò níwájú àwọn.

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Fún àwọn àgbà wa, ẹsẹ̀ lásán kì í ṣe eré ìdárayá, ìṣẹ́ ni. Ẹ rántí nígbà tí Goodluck Jonathan ń kéde ní 2010 pé òun máa du ipò ààrẹ, tó ní òun lọ sílé ìwé láìní bàtà, gbogbo Nàìjíríà ló yé lójú ẹsẹ̀, kò nílò àlàyé. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò mi fi dun ìyá mi. Mo ra bàtà tuntun fún wọn, kì í ṣe òkìríkà o, tuntun, kí wọ́n tó gbà kí n jẹun nílé wọn.

Mo ti kúrò lórí ọ̀rọ̀.

* * *

Àǹtí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó béèrè pé, "Ẹ̀gbin ilẹ̀ ńkọ́?" Ẹ ṣeun mà, ẹ̀yin nìkan lẹ béèrè ohun tó yẹ.

Mo farapa o. Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò tàn yín. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìṣẹ́jú 5 lórí koríko pápá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn eré gidi tí mo ti fi kánfáàsì sá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ara mi ti gbóná, mo fò láti kìlómítà 2 bọ́ sí 6 lórí ọ̀dà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì, ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi le bí igi, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀. Ìyẹn lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí ò lọ ni ìrora kan lórí ẹsẹ̀ mi, níbi tí a ti máa ń so okùn bàtà. Tí mo bá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, omi á bọ́ lójú mi. Dókítà ní àwọn egungun tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá dédé di ẹrù lé wọn, wọ́n á máa sán díẹ̀díẹ̀, tí mi ò bá sinmi á dá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó. Nítorí náà ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ lásán kì í pa èèyàn lára, kó wá fọwọ́ tẹ ibí yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún tẹ ìṣó, ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà mẹkáníìkì kan, ìṣó kékeré tó dípẹtà. Mo lọ gba abẹ́rẹ́ ipá lọ́jọ́ yẹn náà. Ẹni tó gún mi lábẹ́rẹ́ wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?" Mo ní mò ń ta bàtà. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Ọjà ò yá nìyẹn."

Ti ilẹ̀, àǹtí mi, ibi tẹ́ ẹ sọ náà ni. Aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé látinú ilẹ̀ tí èèyàn ti yàgbẹ́ sí, á wọ inú ara, á máa mu ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé àti ẹ̀bá odò, títì ọlọ́dà nìkan ni. Ẹni tó bá sì ní àrùn ìtọ̀ súgà, má dán an wò rárá, má tiẹ̀ rò ó, torí ẹsẹ̀ ẹ lè gé kó má mọ̀.

Oòrùn ńkọ́? Láàárín agogo 12 sí 4, ẹ wo bí ọ̀dà ṣe máa ń rọ̀ lẹ́bàá Pánsẹ́kẹ́. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán síbẹ̀ ń dín dòdò ni. Ìdájí tàbí alẹ́, kò sí àárín. Alẹ́ náà sì ní ìgò fífọ́ tójú ò rí, nítorí náà ìdájí ni.

* * *

Ẹnì kan ní kò yẹ kí wọ́n ka eré mi, pé òfin ò gbà á. Irọ́ ni. Òfin World Athletics, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé, sọ ọ́ kedere pé o lè fi ẹsẹ̀ lásán sáré, o lè wọ bàtà méjèèjì, o tiẹ̀ lè wọ ẹyọ kan. Ẹni tó ní bàtà tó nípọn jù ni òfin ń wá, eré ojú títì ò gbà kí àtẹ́lẹ̀ ju mílímítà 40 lọ. Ti ẹlẹ́sẹ̀ lásán, òdo.

* * *

Ẹ ní kí n sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí gan-an.

Mo jẹ láfún àti ewédú lálẹ́ ọjọ́ Fúráídé, kékeré, agogo 7. Mo fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn, torí gìgísẹ̀ tó bá gbẹ ni í là, èyí tó bá là sì lè ya sí i lójú eré. Kì í ṣe pé kí awọ nípọn bíi pátákó o, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe nìyẹn. Awọ tó rọ̀ tó sì le, bíi bẹ́líìtì ògbólógbòó, òun lo ń wá.

Nígbà tí wọ́n tú wa sílẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ rántí Zola Budd, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó sá fún Bìrìtìkó ní Òlíńpíìkì Los Angeles, 1984, lẹ́sẹ̀ lásán, mítà 3000. Òun àti Mary Decker ọmọ Amẹ́ríkà fara kọra, Decker ṣubú, bàtà onírin sì ya Budd lẹ́sẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Lẹ́sẹ̀ lásán, ọ̀tá ẹ àkọ́kọ́ ni bàtà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Sẹ́kọ́ǹdù 20 ni mo pàdánù kí èrò tó tú ká, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ ìlà funfun tí wọ́n kùn sí àárín títì? Òun ni kápẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ lásán, ó dán, kì í sì í gbóná tó ọ̀dà dúdú. Àmọ́ òjò ti rọ̀, ó ń yọ̀ bí ilá, mo sá fún un. Lẹ́yìn kìlómítà 3, ibì kan wà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ dí kòtò tí wọn ò tíì da ọ̀dà lé e, kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ. Mo ti wá wò ó lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo ti mọ̀ pé etí gọ́tà lápá ọ̀tún jẹ́ kọnkéré tó tẹ́jú. Mo gba orí ẹ̀ kọjá bí ológbò, àwọn oníbàtà gba àárín òkúta, ẹni méjì wò mí bí ẹni tó ń ṣe màgòmágó.

Òkè Ìlèwó ni mo ti rí èrè. Ọ̀nà yẹn ń gòkè, lọ́dún tó kọjá ibẹ̀ ni mo ti rìn. Lọ́tẹ̀ yìí mo ń ka ẹsẹ̀ ọ̀tún, ogójì ó lé mẹ́rin, ogójì ó lé mẹ́rin, ìgbésẹ̀ kúkúrú kúkúrú bí obìnrin tó ru omi, mo sì ń kọjá lára àwọn ọ̀dọ́. Kọ̀ńdọ́ kòrópe kan yọ orí, ó ní, "Bàbá, wọ́n jí bàtà yín ni? Ẹ sáré, ẹ máa bá olè yẹn!" Ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu, mo pàdánù kíkà mi. Lẹ́bàá Pánsẹ́kẹ́ ni mo tẹ ìdérí ìgò mínírà kan tó kọ eyín sókè. Ó bá mi ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀, ibi tó jìn. Mo rò pé ó ti parí. Àmọ́ ẹsẹ̀ ti gbéra kí n tó mọ̀, bí ìgbà tó o fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, àmì róbótó kan ló fi sílẹ̀, kò gé mi. Tí mo bá ṣì ń fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ì bá wọlé.

Kìlómítà kan gbà mí ní nǹkan bí 5:10. Èyí tó gbẹ̀yìn, mi ò rántí ẹ̀ dáadáa, ariwo nìkan.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí. Sílípáàsì tí mo fi sábẹ́ àga ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà níbi tá a ti gbéra, wọ́n ti gbé e lọ. Mo yá ti ẹlòmíì wọ lọ sílé, ó há, okùn ẹ̀ já mi láàárín ọmọ ìka. Ọgbẹ́ kan ṣoṣo tí mo gbé wálé lọ́jọ́ tí mo sá kìlómítà 10 lẹ́sẹ̀ lásán, bàtà ló dá a sí mi lára.

* * *

Àbúrò mi ará Ọbáńtokò, mo ti rí ohun tó o tún kọ, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni eré mìíì, pé ṣé o lè bọ́ bàtà fún un. Rárá o! Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí sá.

O fẹ́ gé ìṣẹ́jú 3, bó o ṣe máa ṣe é rèé. Máa bá kánfáàsì ẹ lọ. Ka ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ lọ́la, sọ iye tó o bá fún mi níbí. Tí ò bá tó 42, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, láìná kọ́bọ̀. Lẹ́yìn eré, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bọ́ bàtà kó o sáre ìṣẹ́jú 5 lórí koríko, kó o fi ìṣẹ́jú kan péré lé e lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé á sú ẹ. Ó sú èmi náà, ìdí tí mo fi jókòó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ká wá sọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ó sì ṣeé ṣe kó o sá a wọ 55 kó o tó dé ibẹ̀, pẹ̀lú bàtà, kó o má sì nílò láti bọ́ ọ rárá. Kò ní dùn mí, ọjà ni.

Ẹ̀gbọ́n tó tún padà wá sọ ti Kipchoge ọmọ Kẹ́ńyà, pé máráthọ̀nì 1:59:40 tó sá ní Vienna ní 2019, bàtà onípátákó káábọ̀nù ló fi sá a, àwa méjèèjì bá ara wa mu, sà. Ẹni tó bá ń wá eré nìkan, bàtà yẹn ló yá jù, mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹ bá mi wá okìríkà ẹ̀ kí n rí tà.

Àbúrò, kánfáàsì tó o ń wọ̀ yẹn, mo rí i lẹ́sẹ̀ ẹ lọ́jọ́ Sátidé, ìdí ẹ̀ ga bíi bùrẹ́dì Agége, ó sì ti wọ́ lápá kan. Mo ní ọ̀kan nílẹ̀ tó dé lọ́jọ́ Túsìdeè, àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ tín-ín-rín, iwájú ẹ̀ fẹ̀, ọmọ ìka á lè tẹ́. 43 ni. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ ẹ dà?